Alùpùpù àti Ọkọ̀ Kékeré láti Jàpáàn ní Òkè Bọ́lá: Ìtàn Ìṣirò Owó àti Ìrìnnà ní Ìbàdàn

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà kò pa òwe yìí nítorí ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Ìbàdàn mu jù ú lọ. Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ogun Ìbàdàn, nípa oyè Ìbàdàn àti nípa ìṣèlú Ìbàdàn. Wọn kò kọ púpọ̀ nípa ohun tí ará Ìbàdàn ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, àti ohun tí ó ń gùn bọ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé tí ó bá ṣi ọkọ̀ yàn, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni yóò máa fi tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá dúró ní Òkè Bọ́lá ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, tí ó sì ń ka ohun tí ó ń kọjá lọ sí Dùgbẹ̀ àti èyí tí ó ń lọ sí Mọ̀lété, yóò ṣàkíyèsí ohun kan. Alùpùpù tí ó bá rí, bí kì í bá ṣe ará Jàpáàn ni ó ṣe é, ará Íńdíà tàbí ará Ṣáínà tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Jàpáàn ni. Ọkọ̀ kékeré tí ó ń kó èrò, Nissan Micra ni. Nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó kù, Toyota kò ní í wọ́n láàrin wọn. Báwo ni orílẹ̀-èdè kan tí kò jọba lé wa lórí rí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, ṣe wá gba títì wa báyìí? Ìdáhùn tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé òṣì ni ó fà á: ẹni tí kò rí owó ra ọkọ̀ ńlá ni ó ń ra kékeré. Ìdáhùn náà kò tó. Òṣì lè mú kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn. Kì í kọ́ ènìyàn ní èyí tí yóò yàn láàrin ogún ohun tí a gbé ka iwájú rẹ̀. Ìṣirò ni ó ń kọ́ni ní ìyẹn, ìṣirò sì ní ìtàn.

BÍ ÌRÌNNÀ OJOOJÚMỌ́ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú ọkọ̀. Ibùdó ogun ni, ní nǹkan bí ọdún 1829, orí òkè ni a sì tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ní àyíká Màpó, Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, agbolé fara kan agbolé, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òrùlé, ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn kò sì ju èyí tí ènìyàn méjì lè fi yà fún ara wọn. Ìlú tí ó rí báyìí kò ní ìṣòro ìrìnnà ojoojúmọ́. Ọjà wà lẹ́nu ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ, inú agbolé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń dáko, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ, ó sì lè sùn sí abà fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó padà wálé. Àwọn ìjòyè ń gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin wọn kì í ṣe ti iṣẹ́ òòjọ́. Ti ogun àti ti ọlá ni.

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Apá ìwọ̀ oòrùn, tí ó jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́, ni a kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó tẹ̀lé e, báńkì tẹ̀lé wọn, Gbági àti Dùgbẹ̀ sì di ibi tí owó ń gbé. Ní ọdún 1906 ìjọba ṣí títì ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn títì àkọ́kọ́ tí a là fún ọkọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ní ojú méjì: ojú kan kọ sí Ọjà'ba, èkejì kọ sí ibùdókọ̀ ojú irin.

Òkè Bọ́lá jẹ́ ọmọ ayé tuntun yìí. Òun àti Òkè Àdó ni ó gba ọ̀pọ̀ akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò, púpọ̀ nínú wọn láti Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, tí kò ní agbolé baba ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Ibadan Boys' High School wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1938. Ibẹ̀ náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ilé sí. Ó sì yẹ kí a rántí pé kí ó tó lọ sí London ní ọdún 1944 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó ti ra kòkó, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó sì ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tí a ń pè ní Nigerian Motor Transport Union.

Ohun tí ó ya Òkè Bọ́lá sọ́tọ̀ sí Ọjà'ba ni èyí: ní Òkè Bọ́lá, ènìyàn ń sùn ní ibì kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn, aago ni ó sì ń sọ fún un ìgbà tí yóò débẹ̀. Agbẹ̀ tí ó pẹ́ dé oko kò ní ọ̀gá tí yóò bi í léèrè. Akọ̀wé tí ó pẹ́ dé Dùgbẹ̀ ní ọ̀gá, ọ̀gá náà sì ní ìwé tí ó ń kọ orúkọ apẹ́lẹ́yìn sí. Bí ìrìnnà ojoojúmọ́ ṣe di ẹrù ilé nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbé ẹrù náà. Raleigh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí olùkọ́ ń fi owó oṣù rà díẹ̀díẹ̀, tí ó ń nù ní alaalẹ́ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kẹ̀kẹ́ gun òkè kan yóò tún bá òmíràn níwájú, yóò sì fi òógùn wọ ọ́fíìsì.

NÍGBÀ TÍ JÀPÁÀN JẸ́ ORÚKỌ Ẹ̀GÀN

Àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí orúkọ Jàpáàn kò dára létí ọlọ́jà. Ní àwọn ọdún 1930, aṣọ Jàpáàn dé ọjà ilẹ̀ yìí, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Manchester fi kígbe. Ní ọdún 1934 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ Jàpáàn tí ó lè wọ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa kọ ọjà náà; ìjọba ni ó dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù lẹ́nu ni pé ọjà Jàpáàn jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú, ohun tí a rà lónìí tí yóò ya lọ́la.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ tí ó wà ní títì Ìbàdàn, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù: Austin, Morris, Vauxhall, Ford. Morris Minor ni ó ń ṣe takisí. Volkswagen láti Jámánì dé, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣù róbótó sì mú kí a máa pè é ní ìjàpá. Fún àwọn tí apá wọn kò ká ọkọ̀, Vespa àti Lambretta láti Ítálì wà. Olóyè nínú iṣẹ́ ìjọba a máa yá owó lọ́wọ́ ìjọba láti fi ra ọkọ̀, a sì tún máa gba owó ìtọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù. Báyìí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe di ìrùkẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹni tí ó ní in, a mọ ipò tí ó wà. Ẹni tí kò ní in, a mọ ipò tí kò tíì dé. Ìbéèrè tí a ń bi ọkọ̀ nígbà náà kì í ṣe iye epo tí ó ń mu, bí kò ṣe ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ JÀPÁÀN ṢE

Kí òye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí a yà dé Jàpáàn fún ìgbà díẹ̀. Ogun ti fọ́ ìlú wọn, ọkọ̀ èrò kò tó, owó kò sí. Ní ọdún 1946 Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ọmọ-ogun ti fi ń pèsè iná fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, ó sì tà wọ́n. Ní ọdún 1948 ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Ní ọdún 1956 òun àti Takeo Fujisawa, ẹni tí ó ń bójú tó ọjà títà, rin ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n wo àwọn alùpùpù kékeré ibẹ̀, wọ́n sì gbà pé kò sí èyí tí ó bá ọ̀nà Jàpáàn mu, nítorí pé púpọ̀ nínú ọ̀nà Jàpáàn nígbà náà kò ní ọ̀dà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni wọ́n gbé Super Cub jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 49 cc lọ. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ fà, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ó fi èkejì gbé àwo. Táyà rẹ̀ ga ju ti Vespa lọ, nítorí náà kòtò kò tètè gbé e mì. Vespa a máa fẹ́ kí a po òróró mọ́ epo bẹntiróòlù kí ó tó ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ a sì máa tẹ̀lé e bí òjìji. Super Cub kò fẹ́ àpòpọ̀ kankan, epo tí ó ń mu sì kéré. Kò sí táǹkì epo láàrin orúnkún ẹni tí ó gùn ún. Èyí jẹ́ ohun kékeré lójú ará Jàpáàn, ṣùgbọ́n ohun ńlá ni ní ilẹ̀ Yorùbá: obìnrin tí ó ró ìró lè gùn ún, ọkùnrin tí ó wọ agbádá lè gùn ún, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gun ẹṣin. Ní ọdún 2017 iye irú alùpùpù yìí tí Honda ti ṣe pé 100,000,000. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn tí ó tíì tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Òfin Jàpáàn ti ṣètò ẹ̀ka kan fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 360 cc lọ, kí owó orí rẹ̀ lè fúyẹ́ fún aláìní. Nígbà tí apá àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká díẹ̀ sí i, Nissan gbé Datsun Sunny jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1966, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 988 cc. Toyota gbé Corolla jáde ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, pẹ̀lú 1077 cc. Kókó ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe nítorí Áfíríkà ni wọ́n ṣe ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nítorí àwọn ará wọn tí kò lówó, tí ọ̀nà wọn kò dára, ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Ohun tí ó bá aláìní Tokyo mu ni ó wá bá olùkọ́ Òkè Bọ́lá mu.

ÀWỌN ỌDÚN 1970

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, kí ìrìnnà rẹ̀ lè bá ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kan náà ni gbogbo awakọ̀ Ìbàdàn kọ́ ìwakọ̀ ní àkọ̀tun. Ọjọ́ yìí ní àyọrísí kan tí kò hàn nígbà náà, tí a ó sì padà dé orí rẹ̀. Owó epo rọ̀bì pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 1973. Ní ọdún 1974 ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dábàá owó oṣù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó àjẹsílẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò ní alùpùpù ra alùpùpù. Ẹni tí ó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀.

Ìjọba ní èrò tirẹ̀ nípa ọkọ̀ tí ó yẹ kí ará ìlú gùn. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, láti máa to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti rí ibòmíràn. Ní ọdún 1971 Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, dá ilé-iṣẹ́ Elizade sílẹ̀, Toyota sì ni ó sọ orúkọ náà di ńlá. Datsun 1200 àti 120Y bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàrin àwọn takisí. Ní ti alùpùpù, ìjà náà kò pẹ́ rárá: Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki gba títì, Vespa sì di ohun ìrántí. Ní ọdún 1979 Honda dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ó sì wà ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Ọ̀nà wo ni ilé kan ní Òkè Bọ́lá fi ń yan ohun ìrìnnà? Bí a bá kó àṣà ìrajà wọn jọ, ìbéèrè márùn-ún ni yóò jáde níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ìwé tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde dáhùn rẹ̀ tán.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ epo. Ní ọdún 1978 lítà epo bẹntiróòlù kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15 ó lé díẹ̀. Ní ọdún 1986 ó di kọ́bọ̀ 39 àti ààbọ̀. Lójú ẹni tí ó ń kà á lónìí, owó yẹn dà bí eré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó nìkan ni à ń kà. Epo a máa wọ́n, a sì máa tò sí ẹnu ọ̀nà ilé epo láti òru. Ọkọ̀ tí galọ́ọ̀nù méjì lè gbé já ọ̀sẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí galọ́ọ̀nù méjì kò lè gbé já ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ tí ó ń mu epo bí ọ̀mùtí, olówó nìkan ni ó lè fẹ́ ẹ níyàwó.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ní Àràrómì, lẹ́bàá Gate ní Àgodi, àwọn ọlọ́jà ní orúkọ mẹ́ta fún ohun tí wọ́n ń tà. Ojúlówó ni èyí tí ó ti ilé-iṣẹ́ wá, tí a kò tíì lò. Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí tí a tú lára ọkọ̀ àtijọ́ ní ìlú òyìnbó. Táíwàn ni ayédèrú. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ yóò sọ fún ọ pé Bẹ́ljíọ̀mù sàn ju Táíwàn lọ, àti pé nígbà mìíràn ó sàn ju ohun tí a ń pè ní ojúlówó. Ẹ wò ó bí ayé ṣe yí: orúkọ ẹ̀gàn tí ó jẹ́ ti Jàpáàn ní ọdún 1930 ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tí a kò lè rí ẹ̀yà rẹ̀ ní Àràrómì, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, òkú ni ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ ṣàìsàn.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tí yóò tún un ṣe. Mẹkáníìkì abẹ́ igi kì í ka ìwé kí ó tó mọ iṣẹ́. Ọmọọṣẹ́ ni ó ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, kí ó tó gba fírídọ̀mù. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tí ń tún Datsun ṣe, Datsun ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò mọ̀. Nítorí náà, bí Datsun bá ṣe ń pọ̀ ní títì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ń pọ̀. Bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń rà á ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó bí ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo mọ̀ ní gbogbo Ìbàdàn, ẹni náà ni ó di ẹrú fún.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà ilé. Òkè Bọ́lá ní títì, ṣùgbọ́n àwọn ará rẹ̀ ní ìyá àti ẹbí ní Bẹẹrẹ, oníbàárà ní Ọjà'ba, òkú ọ̀run láti bá ṣe ní ẹ̀yìn Màpó. Ọkọ̀ ńlá yóò dúró sí etí títì, ẹni tí ó ni ín yóò sì fi ẹsẹ̀ wọlé bí aláìní. Ọkọ̀ kékeré a dé ibi tí ọkọ̀ ńlá kò dé. Alùpùpù a dé ẹnu ọ̀nà gan-an.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ àtúntà. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìgùn nìkan; àpótí owó ni. Bí ọmọ bá wọ yunifásítì, bí àìsàn bá dé, bí orúlé bá ń jò, a lè tà á. Ọkọ̀ tí ẹni mẹ́wàá ń wá láti rà ní ọ̀sẹ̀ kan dára ju èyí tí yóò jókòó fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú àkọlé títà lójú. Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè márààrún kì í ṣe ẹni tí òṣì ń tì kiri. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ni.

TÒKUNBỌ̀ ÀTI Ọ̀KADÀ

Ní ọdún 1985 náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ ní ojú ìwé ìjọba. Ní ọdún 1986 ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP kalẹ̀, kí ọdún náà sì tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí owó oṣù lè rà. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti fún ọkọ̀ àlòkù ní orúkọ ènìyàn: Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó, tí a gbé kọjá òkun wá sílé, ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ yìí kì í ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Ó bo ìtìjú àlòkù, ó sì fi ìyì ìrìnàjò dípò rẹ̀.

Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ Jàpáàn gbà di Tòkunbọ̀? Ibí yìí ni ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ti padà wá. Apá òsì títì ni àwọn ará Jàpáàn ń gbà, apá ọ̀tún ọkọ̀ ni ìdarí wọn sì wà. Àwọn ọkọ̀ àlòkù ti Jàpáàn fúnra rẹ̀ lè lọ sí Kẹ́ńyà tàbí Tanzania, nítorí pé apá òsì ni àwọn náà ń gbà. Kò lè bọ́ sí títì Nàìjíríà bẹ́ẹ̀ láìṣe pé a kọ́kọ́ yí ìdarí rẹ̀ padà. Nítorí náà ọkọ̀ Jàpáàn tí ó dé Ìbàdàn ní láti kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ tí wọ́n ń gba ọ̀tún, bíi Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Amẹ́ríkà, kí ó tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó tàbí Kútọnu.

Micra ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dára jù. Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1982. Ní Jàpáàn, March ni orúkọ rẹ̀. Irú kejì rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1992, ni ó gba ipò ọkọ̀ tí ó dára jù ní Yúróòpù fún ọdún 1993, òun sì ni ọkọ̀ Jàpáàn àkọ́kọ́ tí ó gba ipò náà. Sunderland, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti ń ṣe èyí tí a ń tà ní Yúróòpù, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré jù sì jẹ́ 998 cc. Nípa báyìí, ọkọ̀ tí ará Ìbàdàn ń pè ní ti Jàpáàn, ọwọ́ òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tò ó, onílé kan ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì ni ó lò ó gbó, Kútọnu ni ó gbà wọ Áfíríkà, Ìbàdàn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ayé kejì. Ọkọ̀ tí a ṣe fún tọkọtaya àti ọmọ wọn di takisí: ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọn yòókù lẹ́yìn, ẹrù nínú búùtù. Ó gun Òkè Bọ́lá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Mọ̀lété, ó gun Màpó. Nínú gbogbo ìlú Yorùbá, Ìbàdàn ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní àkókò kan náà ni alùpùpù bọ́ lọ́wọ́ onílé, tí ó di ti èrò. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn àti àwọn ọmọ tí kò rí iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé wọn, wọ́n fi alùpùpù gbé ènìyàn láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀fẹ̀ sì sọ wọ́n ní ọ̀kadà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Ní Kútọnu zemidjan ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó fi hàn pé kí a gbé ènìyàn kíákíá ni. Lẹ́yìn náà ni Jincheng dé láti Ṣáínà, lórí àwòṣe Suzuki AX100, àti Bajaj láti Íńdíà, ilé-iṣẹ́ tí ó ti bá Kawasaki ṣiṣẹ́ pọ̀ láti àwọn ọdún 1980. Orúkọ yí padà, ìdílé kò yí padà.

OHUN TÍ ÌṢIRÒ KÒ KÀ

Bí a bá parí ìtàn sí ibí yìí, ìyìn nìkan ni yóò jẹ́, kò sì ní í jẹ́ òtítọ́ tán. Ìbéèrè márùn-ún tí a kà sókè kò ní ẹ̀kẹfà nínú, ẹ̀kẹfà náà sì ni ẹ̀mí. Kò sí ibi tí onílé ti ń béèrè pé: bí ohun yìí bá ṣubú, kí ni yóò kù lára mi? Super Cub tí a ṣe fún ẹnìkan àti àwo oúnjẹ, àti àwọn àbúrò rẹ̀, di ohun tí ó ń gbé ọlọ́kadà, ìyá, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá, àti ẹrù tí ó wà lórí itan ìyá. Micra tí a ṣe fún bẹ́líìtì ẹnìkọ̀ọ̀kan di èyí tí ènìyàn méjì ń pín àga kan nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ń kún fún ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kígbe. Ní ọdún 1977 ni a dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ní ọdún 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e, òun náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n fi dandan lé e pé kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto, àwọn kan ní àwọn ìlú kan dé igbá. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Àwọn tí ó dé igbá náà ṣírò owó akoto, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣírò owó epo àti ti pulọ́ọ̀gì. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ṣírò ni orí tí igbá náà bò.

Ohun kejì tí ìṣirò kò kà ni ọ̀la. Láàrin ọdún 1946 àti 1966, àwọn ará Jàpáàn kúrò ní ẹni tí ń so ẹ́ńjìnnì àlòkù mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n di ẹni tí ń ṣe Corolla. Ogún ọdún ni. Mẹkáníìkì wa ti ń tú ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń tò ó pa dà fún ìgbà tí ó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po. Ọgbọ́n kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lè mú Micra tí ó ti rin ilẹ̀ Yúróòpù gbó, kí ó tún fi ogún ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ pé díẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò so ọgbọ́n abẹ́ igi náà pọ̀ mọ́ ìwé, mọ́ owó, àti mọ́ iná tí kì í kú. A mọ ọkọ̀ yàn. A kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

ÌPARÍ

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ, iye tí a ń ta lítà kan ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní Òkè Bọ́lá, bí ní ibòmíràn, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu epo bí ọ̀mùtí gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ilé. Ìṣirò àtijọ́ tún di tuntun, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní ìbéèrè tí àwọn baba wọn ti dáhùn ní ọdún 1975.

Nítorí èyí ni ìtàn yìí ṣe yẹ fún kíkọ. Agbádá ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ọkọ̀ ńlá kọ́ sì ni ọgbọ́n ńlá. Àwọn tí ó yan ohun kékeré ní Òkè Bọ́lá fi í kọ́ ilé, wọ́n fi í rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì fi í so Dùgbẹ̀ pọ̀ mọ́ Ọjà'ba. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ tú Datsun wò ti di arúgbó, ìwé ẹ̀rí owó tí a fi ra Honda àkọ́kọ́ sì wà nínú àpótí tí ikán ń jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ohun tí yóò kọ ìwé lé lórí, kí ó má ṣe ro pé ààfin àti ilé ìkówèésí nìkan ni ìtàn ń gbé. Kí ó lọ sí abẹ́ igi, kí ó kí ọ̀gá dáadáa, kí ó jókòó lórí táyà àlòkù, kí ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré; ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ibi tí ti iwájú gbà, kí ni tẹ̀yìn yóò wò?